Òmìnira Tí Badmus Gbé Lọ fún Ará Òkèèrè

Bí ẹ bá dé Òkòjà ní Ìkàrẹ́ tí ẹ sì béèrè ilé Badmus, wọn yóò bi yín pé Badmus wo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Bàbá Sójà, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá pàdé ni yóò nawọ́ síbẹ̀ fún yín. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun. Nígbà tí ó dé, ó ra ẹ̀rọ ìlọta kan, ó gbé e sábẹ́ páànù níwájú ilé. Láàárọ̀, ata àti ẹ̀wà ni ó ń lọ̀. Lọ́sàn-án, ẹ̀gẹ́ ni, fún àwọn ìyá tí ń yan gàrí. Àwọn kan ní iṣẹ́ obìnrin ni ó ń ṣe. Jákẹ́ẹ̀tì sójà rẹ̀ àtijọ́ ni ó máa ń wọ̀ ṣe é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ata ti sọ apá rẹ̀ méjèèjì di pupa.

Ìtàn kan wà tí gbogbo ẹni tí ó ti gbé ẹ̀gẹ́ lọ síbẹ̀ mọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń gbóná, tí àwọn ìyá sì jókòó ti agbada wọn, Badmus yóò bẹ̀rẹ̀. Yóò sọ bí àwọn ṣe wọ ìlú Freetown ní ilẹ̀ Sàró lọ́dún 1998, bí àwọn ṣe lé àwọn sójà tí ó fipá gbàjọba, tí àwọn sì dá ààrẹ tí àwọn ará ìlú fúnra wọn dìbò yàn padà sórí àga. Yóò sọ nípa obìnrin kan tí ó tú gèlè rẹ̀, tí ó so ó mọ́ ẹnu ìbọn òun, tí ó ń jó lójú títì. Ibi kan náà ni ó máa ń parí rẹ̀ sí.

“Àwa la gbé òmìnira fún wọn. Àwa ọmọ Nàìjíríà.”

Àwọn ìyá yóò ní ó ṣeun, yóò sì da ẹ̀gẹ́ ẹni tí ó kàn sẹ́nu ẹ̀rọ.

Apá kan wà nínú ìtàn náà tí kì í sọ. Ọdún tó kọjá ni ó sọ ọ́ fún mi, lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, ó sì ní bí mo bá máa kọ ọ́, kí n má bo ibẹ̀.

Nítòsí ibi tí wọ́n kó àwọn sójà wa sí ní Freetown, ìyá àgbàlagbà kan wà tí wọ́n ń pè ní Màmá Aisha. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní Àkú, àwọn tí baba ńlá wọn jẹ́ Yorùbá tí wọ́n rí gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Màmá Aisha kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó kù díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀: àkàrà, ẹ̀gúsí, àwùjọ. Bí ó bá kí ènìyàn, ó máa ń dún bí ẹ kúuṣẹ́ tí wọ́n gé ní ìdajì. Nígbà tí ó gbọ́ pé ọmọ Yorùbá ni Badmus, ó sọ ọ́ di ọmọ. Ilé rẹ̀ ni Badmus ti ń jẹun bí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí ààrẹ wọn padà dé, àwọn méjèèjì jọ jókòó níwájú ilé, wọ́n ń wo àwọn tí ń jó lọ. Màmá Aisha bi í ní èdè Krio, tí Badmus ti ń gbọ́ dáadáa nígbà náà:

“Ọmọ mi, ní ìlú tiyín, ta lẹ dìbò fún?”

Badmus dárúkọ ọkùnrin náà fún un.

“Ibo ló wà?”

“Ó wà látìmọ́lé.”

“Ta ló tì í mọ́lé?”

Badmus rẹ́rìn-ín. “Àwọn ọ̀gá wa ni, Màmá.”

Màmá Aisha kò rẹ́rìn-ín. Ó wo aṣọ sójà tó wà lọ́rùn Badmus títí. Ó wá ní, “Àwọn tó ti tiyín mọ́lé náà ló rán yín wá tú tiwa sílẹ̀.”

Kò sọ ọ́ bí ẹni tí ń bú ènìyàn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó ni. Badmus dìde, ó ní iṣẹ́ ń pe òun. Kò padà wọ ilé náà mọ́ títí wọ́n fi kó wọn kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé náà kò jìn ju láti Òkòjà dé Ọjà Ọba lọ. Ó ní ìgbà méjì ni ìyá náà bu oúnjẹ ránṣẹ́ sí òun lẹ́yìn ìgbà náà. Òun jẹ oúnjẹ náà, òun kò sì lọ dúpẹ́.

Ó padà wálé, ó ń sọ ìtàn gèlè, kò sọ ti Màmá Aisha. Ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n kọjá bẹ́ẹ̀.

Oṣù kẹta ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ tó kàn wá bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan ń dupò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lágbègbè wa. Ọnárébù ni gbogbo ayé ń pè é, bí èmi náà ṣe máa pè é nìyẹn. Nígbà tí ìdìbò ku ọjọ́ díẹ̀, ó ní kí wọ́n pe Badmus wá. Àga tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ni ó fi í jókòó sí, ó ń pè é ní Jẹ́nẹ́rà. Ó ní òun mọ̀ pé kò sí ẹni tó mọ iyì ìjọba alágbádá bíi rẹ̀ ní gbogbo Ìkàrẹ́. Ó ní kí ó bá òun wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ó dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé tí àdúgbò ti ń dìbò, kí nǹkan lè lọ létòlétò. Nígbà tí Badmus ń dìde lọ ni ó wá fi ìyókù kún un. Ó ní bí ó bá di ọ̀sán, tí àwọn ìyá tí ń bọ̀ láti oko bá ń dé, kí ó sọ fún wọn pé ìwé ìdìbò ti tán. Ó ní àwọn ìyá wọ̀nyẹn kò fẹ́ràn àwọn.

“Ṣé o kọ̀?” mo bi Badmus.

“Mi ò kọ̀,” ó ní. “Kò fún mi ní kọ́bọ̀. Ìyẹn ló tún wá burú jù. Ó pè mí ní Jẹ́nẹ́rà, mo sì ń rìn bọ̀ wálé bí ẹni tí wọ́n so àmì ẹ̀yẹ mọ́ láyà.”

Bẹ́ẹ̀ ni ó dúró lẹ́nu géètì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò wà nínú kíláàsì lọ́hùn-ún, wọn kò mọ ohun tí ẹnì kan ń sọ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ díẹ̀, Ìyá Limota dé. Limota ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, opó ni, oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà lọ́nà Ẹṣẹ́. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni ó ti ń gbé ẹ̀gẹ́ wá sọ́dọ̀ Badmus. Ó ti jí lọ sóko láàárọ̀ kí ó lè tètè bọ̀, amọ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Káàdì ìdìbò rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, ó dì í mọ́wọ́.

Badmus ní, “Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìwé ti tán.”

“Ìwé tán báwo?”

“Ó ti tán ni, Ìyá. Ẹ máa lọ sílé, ẹ lọ sinmi.”

Limota wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí àwọn ènìyàn tí wọ́n tò lẹ́nu kíláàsì. “Àwọn yẹn ńkọ́?”

“Àwọn yẹn ti gba tiwọn.”

Badmus ní òun rí i pé ìyá náà fẹ́ béèrè sí i, ó sì wo ojú òun, ó wá gbàgbọ́. Badmus ti lọ ẹ̀gẹ́ fún un fún ọdún mẹ́wàá, kò yọ́ ẹ̀kúnwọ́ kan mú rí nínú rẹ̀. Limota ká ọ̀rá káàdì rẹ̀ mọ́wọ́.

“Ó dáa, Badmus. Kú iṣẹ́ o.”

Ó yí padà, ó lọ. Kì í ṣe òun nìkan. Àwọn míràn dé lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì lọ bẹ́ẹ̀.

Ọnárébù wọlé. Láàárín ọjọ́ méjì, Limota gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan ládùúgbò tí ó dìbò ní nǹkan bí aago méjì, lẹ́yìn ìgbà tí òun ti padà sílé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀rọ kan tí ó wà ní Òkèlá, tí ènìyàn máa gun òkè kí ó tó débẹ̀, ni ó ń gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ láti ìgbà náà. Badmus rí i tí ó ń gba iwájú ilé kọjá pẹ̀lú agbada lórí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá wọ́n dín iye fún un níbẹ̀ ni, torí epo pẹtiróò ti wọ́n.

Ìparí oṣù keje ọdún náà ni àwọn sójà gbàjọba ní Niger. Redio gbé e, fóònù gbé e. ECOWAS, tí olórí orílẹ̀-èdè wa jẹ́ alága rẹ̀, fún wọn ní ọjọ́ méje láti dá ààrẹ wọn padà, wọ́n ní bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè di ogun. Wọ́n ti ẹnubodè. Wọ́n já iná tí à ń fún wọn. Badmus sì dà bí ewébẹ̀ tí wọ́n bomi rin.

“A ó tún lọ,” ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbé ata wá. “Bí a ṣe ṣe é ní Freetown náà la ó ṣe é níbẹ̀.”

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin, Latifah, wá láti Ìwàrò-Ọ̀kà. Opó ni òun náà, iṣu ni ó ń tà. Awwal, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ó bí, jẹ́ sójà ní bárékè kan ní ìhà Sókótó, kò jìnnà sí ẹnubodè náà. Badmus ni ó gba fọ́ọ̀mù fún Awwal nígbà tí ó fẹ́ wọṣẹ́. Ìtàn Freetown ni ọmọ náà sì ń gbọ́ dàgbà.

Latifah kò tíì jókòó dáadáa tí ó fi bẹ̀rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sí ọ̀rọ̀ Niger yìí mọ́. Gbogbo ẹni tó bá ti Ìkàrẹ́ dé ló ń sọ fún mi pé ẹ ní wọn yóò lọ.”

“Iṣẹ́ tí ọmọ rẹ yàn nìyẹn, Latifah.”

“Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ̀ ni. Ìjọba wa fẹ́ lọ fún ará Niger ní òmìnira láti dìbò. Lóṣù kẹta, àwọn ìyá tí a jọ ń tajà ní Ìkàrẹ́ níbí, wọ́n ní wọ́n lé wọn padà níbi tí wọ́n ti fẹ́ dìbò. Ta ló wá lọ bá àwọn yẹn gba tiwọn?”

Kò mọ̀ pé ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ ni ó lé wọn. Badmus bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹ̀rọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà mọ́.

“Ọ̀tọ̀ nìyẹn,” ó ní.

“Báwo ló ṣe jẹ́ ọ̀tọ̀?”

“Mo ní ọ̀tọ̀ ni.”

Latifah gba ilé lọ. Ọjọ́ kẹta ni Ọnárébù ránṣẹ́ sí Badmus. Ìpàdé kan fẹ́ wáyé ní gbọ̀ngàn kan ní Ọ̀kà, kí ayé lè mọ̀ pé Àkókó wà lẹ́yìn ìjọba. Wọ́n fẹ́ kí sójà àtijọ́ kan tó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Mọ́júbọ́lá, ìyàwó Badmus, fọ jákẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ̀ ọ́, àbàwọ́n ata kò kúrò lápá rẹ̀.

“Bàbá Ashraf,” ni obìnrin náà wí, “ṣé ó pọn dandan kí ẹ lọ?”

“Wọ́n pè mí ni.”

Mọ́júbọ́lá wò ó bí ẹni tí ó fẹ́ sọ nǹkan, ó wá fi jákẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́.

Gbọ̀ngàn náà kún. Wọ́n kó àwọn ẹgbẹ́ obìnrin wá láti Ìkàrẹ́ àti láti àwọn ìlú tó yí wa ká, wọ́n to àwọn aráàlú Ọ̀kà síwájú. Badmus gba máíkì. Ó sọ ìtàn gèlè. Ó sọ bí wọ́n ṣe jó. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ náà sì gbé e lọ síbi tí kò gbèrò.

“Ọmọ àbúrò mi, Awwal, wà ní ìhà Sókótó bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí,” ó ní. “Ó ti múra tán. Bí wọ́n bá ní kó lọ lọ́la, tayọ̀tayọ̀ ni yóò fi lọ. Ẹni tó bá ní òmìnira, tí aládùúgbò rẹ̀ kò ní, ó yẹ kó gbé e lọ fún un.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ gidigidi. Alága ìjókòó ní ṣé ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Lọ́wọ́ ẹ̀yìn, láàárín àwọn oníṣòwò gàrí, ìyá kan dìde, ó fa ìborùn rẹ̀ gún. Àwọn ènìyàn rò pé ó fẹ́ ṣàdúrà ni. Limota ni.

“Mo kí gbogbo yín,” ó ní. “Mi ò mọ Niger. Wọ́n ní ọ̀nà Sókótó ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi Badmus. Badmus, tí ẹ bá débẹ̀, tí ẹ lé àwọn sójà yẹn lọ, tí àwọn ìyá ibẹ̀ wá fẹ́ dìbò, ta ni yóò dúró lẹ́nu géètì?”

Àwọn tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ ń wo ara wọn. Alága ní, “Ìyá, kí lẹ ní lọ́kàn?”

“Ó mọ̀,” ni Limota wí, ó sì jókòó.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, obìnrin kan ní, “Ìwé ti tán,” kò pariwo. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ ní ìlà àwọn oníṣòwò gàrí, ó ń lọ láti àga kan sí èkejì, ẹ̀rín tí kò ní inú dídùn nínú. Badmus dúró, máíkì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ń gbọ́ bí òun ṣe ń mí nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn náà. Ó ní ká ní òun sọ òtítọ́ níbẹ̀, bóyá òun ì bá gbójú sókè rìn délé. Ọnárébù dìde, ó gba máíkì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ìbéèrè ńlá ni ìyá wa béèrè,” ó ní. “Àwọn sójà wa náà ni yóò dúró lẹ́nu géètì, wọn yóò dáàbò bo àwọn ìyá.”

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Badmus ní nínú gbogbo rẹ̀, àtẹ́wọ́ yẹn ni kò kúrò létí òun.

Nígbà tí ó jáde, Latifah ló wà níta. Badmus kò mọ̀ pé ó ti wà nínú gbọ̀ngàn. Obìnrin náà kò gbé ohùn sókè.

“Ta ló sọ fún yín pé ọmọ mi ti múra tán?”

“Latifah…”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí i. Ẹ sì ti fi í tọrẹ níwájú gbogbo ayé.” Ó fi ìborùn bo ẹnu. “Ẹ̀yin náà lẹ sì lé àwọn ìyá yẹn. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mo ń jókòó tì wọ́n, mò ń bá wọn bú ẹni tó ṣe é.”

Ó gun ọ̀kadà, ó lọ sí Ìwàrò. Badmus wọ ọkọ̀ padà sí Ìkàrẹ́. Ní Àkùngbá, awakọ̀ dá a mọ̀, ó ní, “Bàbá Sójà, wọ́n ní ẹ sọ̀rọ̀ dáadáa lónìí.” Badmus bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó ká a sórí itan.

Ẹnìkan ti ká gbogbo rẹ̀ sórí fóònù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wà lórí Wáásáàpù, láti ọ̀rọ̀ Badmus dé ìbéèrè Limota. Lọ́jọ́ Sátidé, Awwal pè.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni?”

“Àlàáfíà ni. Mo rí fídíò yín. Àwọn tí a jọ wà ní bárékè ń wò ó.”

Badmus ń dúró kí ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ẹ ò pè mí kí ẹ tó sọ pé mo ti múra tán.”

“Ọ̀rọ̀ orí pèpéle ni, Awwal. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn.”

“Bí wọ́n bá ní kí n lọ, màá lọ. Mo ti búra. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń ta tíì fún wa níbí, Kọ́nní ni ìyàwó rẹ̀ ti wá, lódìkejì ẹnubodè. Ó béèrè lọ́wọ́ mi lánàá pé ṣé a ń bọ̀ lóòótọ́. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Ẹ má sọ pé tayọ̀tayọ̀ ni, Bàbá. Ẹ má fi ẹnu mi sọ ọ́.”

“Mo gbọ́.”

Awwal tún ní, “Ìyá tó béèrè ọ̀rọ̀ géètì yẹn, kí ló túmọ̀ sí?”

Badmus ní ó rọrùn láti sọ ọ́ nígbà náà. Kò sí èrò níbẹ̀. Ọmọ òun ni. Ó ní, “Kò túmọ̀ sí nǹkan kan.”

“Ó dáa, Bàbá,” ni ọmọ náà wí, bí ó sì ṣe wí i, Badmus mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti sọ fún un.

Kò tan ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Ó pe Mọ́júbọ́lá wọ yàrá, ó ní òun fẹ́ sọ ohun kan fún un nípa ìbò oṣù kẹta. Obìnrin náà jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ, ó gbọ́ ọ tán.

“Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kejì,” ó ní.

“O ò sọ nǹkan kan.”

“Mo ń dúró kí ẹ sọ fún mi, Bàbá Ashraf. Ìgbà tó di oṣù karùn-ún ni mi ò dúró mọ́.”

Lọ́jọ́ kejì, Badmus wọ bùbá lásán, ó lọ sílé Limota lọ́sàn-án. Ìyá náà wà lẹ́yìnkùlé, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Badmus dọ̀bálẹ̀ sórí èèpo ẹ̀gẹ́.

“Ìyá, mo wá tọrọ àforíjì.”

“Nítorí kí ni?”

“Nítorí ọ̀rọ̀ ìbò.”

“Sọ ọ́ kí n gbọ́.”

“Ìwé kò tán, Ìyá. Mo sì mọ̀ pé kò tán.”

Limota ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ. “Ṣé wọ́n fún ọ lówó ni?”

“Rárá, Ìyá.”

“Kí ni wọ́n wá fún ọ?”

Badmus ní òun wá irọ́ kan tó dára ju òtítọ́ lọ, òun kò rí. “Wọ́n pè mí ní Jẹ́nẹ́rà.”

Ọ̀bẹ dúró. Ìyá náà wò ó níbi tí ó wà nílẹ̀. Badmus ti ń retí èébú, ì bá sì wù ú kí ó bú òun. “Ó mà ṣe o,” ni Limota wí, bí ẹni tí ń kẹ́dùn pẹ̀lú ènìyàn. “Dìde. Mo ti forí jì ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé ẹ̀gẹ́ mi wá sọ́dọ̀ rẹ mọ́, má bínú. N ò ní èébú kankan fún ọ. Ó kàn jẹ́ pé bí mo bá rí ọ, ṣe ni mò ń rántí bí mo ṣe kí ọ kú iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ojú a sì tì mí.”

“Ojú ń ti ẹ̀yin, Ìyá?”

“Ó ń tì mí pé mo gbà ọ́ gbọ́.”

Ogun Niger kò ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ méje pé, ó kọjá; àwọn aṣòfin ní Àbújá kò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kó sójà lọ. Wọ́n ń ṣèpàdé lórí rẹ̀ títí. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣí ẹnubodè padà. Àwọn sójà Niger ṣì wà lórí àga. Kò sí ẹni tó padà wá sí gbọ̀ngàn Ọ̀kà láti ṣàlàyé fún àwọn tó pàtẹ́wọ́. Awwal wálé nígbà iléyá, Ìwàrò ni ó lọ tààrà. Ó dé Ìkàrẹ́ fún wákàtí kan, ó kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ dáadáa, kò béèrè ọ̀rọ̀ Freetown. Badmus náà kò sọ ọ́. Láti ọjọ́ Ọ̀kà, kò tíì sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ mọ́. Bí àlejò kan bá béèrè, yóò ní ó ti pẹ́, òun ti gbàgbé.

Oṣù kọkànlá ọdún 2024, a dìbò gómìnà. Badmus jí, ó wẹ̀, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó mú káàdì rẹ̀, ó gba ilé ìwé lọ. Ó tò sórí ìlà bíi gbogbo ènìyàn. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ sún síwájú díẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sún sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n fi í sí àárín. Kò bínú. Ìlà ń lọ.

Ó ku ènìyàn bíi mẹ́fà kó kàn án nígbà tí Limota yọ lẹ́nu géètì. Ọ̀rá káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ bá ti Badmus. Badmus kò wọ jákẹ́ẹ̀tì, kò dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ìyá náà dúró níbi tí ó wà. Ó wo ìlà, ó tún wo Badmus. Ó yí padà, ó ń lọ sílé.

Badmus fẹ́ pè é. Ó ní òun la ẹnu, òun wá rántí ohun tí òun fi ohùn yẹn sọ níbẹ̀ kẹ́yìn. Ó bọ́ kúrò lórí ìlà. Ògiri ilé ìwé náà wó lápá kan lẹ́yìn, ibẹ̀ ni ó gbà jáde kí ó má baà pàdé ìyá náà lójú ọ̀nà. Orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún láti ìgbà iṣẹ́ ń ké, ó ń sáré bí ó ṣe lè sáré. Ó bá Mọ́júbọ́lá nínú ilé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò tirẹ̀ dé ni.

“Lọ sọ fún Ìyá Limota pé mo ti kúrò níbẹ̀,” ó ní. “Sọ pé ilé ni mo wà, mi ò sì ní padà lọ. Bá a dé ibẹ̀.”

“Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ti dìbò?”

“Lọ ná, kó tó bọ́ aṣọ.”

Mọ́júbọ́lá lọ. Limota kọ́kọ́ ní ó ti rẹ òun. Mọ́júbọ́lá bẹ̀ ẹ́, ó dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ rìn lọ. Mo wà lórí ìlà nígbà tí wọ́n dé. Kí ìyá náà tó wọ géètì, ó na ọrùn, ó wo ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wá wọlé. Nígbà tí ó dìbò tán, ó jókòó lórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi, ó nu ojú, ó mu omi.

Badmus jókòó sínú pálọ̀ títí wọ́n fi parí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo yà kí i. Káàdì rẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Mo ní ìlà kò gùn mọ́ lọ́sàn-án, pé ó yẹ kó ti padà lọ.

“Àwọn tó kù tí mo lé lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?” ó ní. “Mi ò mọ gbogbo wọn lójú. Èyíkéyìí nínú wọn lè dé, kó rí mi, kó padà.”

Ìgbà yẹn ni ó sọ ti Màmá Aisha fún mi, tí ó sì ní kí n kọ gbogbo rẹ̀. Mọ́júbọ́lá gbé oúnjẹ wá, ó bá a jókòó. Badmus ní bí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ bá dé, òun yóò tètè jí lọ dìbò, kí àwọn ìyá tó ti oko dé.